Àwọn ọmọ ń ṣeré "ẹ dáná sun olè" lẹ́yìnkùlé: ṣé fídíò ló kọ́ wọn?

Ìyá_Dáre_Ṣómólú:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá síbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí mo mọ ìwà yín.

Aránṣọ ni mí. Iwájú ilé tá à ń gbé ní Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lọ́nà ibi tí àwọn onítẹ̀wé pọ̀ sí. Ilé oníyàrá púpọ̀ ni, gbogbo wa la jọ ń lo ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo, àwọn ọmọ ò sì níbòmíràn tí wọ́n ti ń ṣeré. Lọ́sàn-án Sátidé, aṣọ ẹbí ni mò ń rán, ìnáwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn oníbàárà ń pè mí bíi pé mo jẹ wọ́n lówó. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ "Olè! Olè! Ẹ mú un!" lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa mọ̀ pé èèyàn kì í gbọ́ irú ariwo yẹn kó jókòó. Mo ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá.

Àwọn ọmọ ilé ni. Wọ́n mú èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n ní òun ni olè. Wọ́n ti gbé ògbólógbòó táyà kẹ̀kẹ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Ọ̀kan já ẹnu píọ̀ wọ́tà, ó ń dà á sí i lórí, ó ń pariwo pé "bẹntiróòlù rèé o!" Òmíràn di páálí ìṣáná mú, òfìfo ni ṣá. Ọmọ kékeré yẹn ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, inú ẹ̀ dùn pé àwọn ẹ̀gbọ́n gba òun mọ́ra. Dáre tèmi, tó pé ọmọ ọdún méje lóṣù Kẹta, kò sí lára àwọn tó ń dáná sun olè. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé sílípáàsì ẹsẹ̀ kan sókè síwájú ojú ẹ̀, ó ń yí i síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún, ó ń sún mọ́ ọn, ó ń sún sẹ́yìn. Mo ní kí lò ń ṣe? Ó ní, "Màmi, èmi ni mò ń ya fídíò."

Sílípáàsì yẹn dùn mí ju táyà lọ.

Látìgbà náà, oníkálukú ló ti ní ẹni tó ń dá lẹ́bi. Lánlọ́ọ̀dù ní fíìmù àgbéléwò àwọn tó ń fi èèyàn ṣòògùn owó ni. Bàbá Dáre ní géèmù ni, torí ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní ìkòríta wa tó to tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀ sábẹ́ páànù, tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n lè ta bọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì ja ẹ̀ṣẹ́ lójú rẹ̀. Ìyá ìjọ ní kí n mú un wá fún ìdáǹdè. Èmi, ohun tí mo rí rèé: fóònù bàbá ẹ̀ wà nínú gúrúùpù WhatsApp àdúgbò, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí owó iná àti owó àwọn ọdẹ òru. Ohun yòówù tí wọ́n bá jù síbẹ̀, fóònù ń gbé e wọlé fúnra ẹ̀, ó ń tò ó sáàárín fọ́tò ìgbéyàwó àti fọ́tò ìsọmọlórúkọ. Mo wò ó. Fídíò bí wọ́n ṣe ń dáná sun olè wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Kì í ṣe fíìmù, èèyàn gidi ni. Fóònù yìí kan náà ni Dáre fi ń wo kàtúùnù lálẹ́ tí bàbá ẹ̀ bá ń jẹun.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ó ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìyàgbẹ́ wa wà, kò sì jẹ́ dá lọ síbẹ̀ mọ́ tílẹ̀ bá ti ṣú.

Ṣé ohun tí ọmọ ń wò lè sọ ọ́ di òǹrorò ni? Ṣé kí n gba tẹlifíṣọ̀n àti fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá? Èwo ló sì burú jù nínú fíìmù, géèmù àti fídíò fóònù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ni kẹ́ ẹ dáhùn. Tó bá jẹ́ àdúrà ni, mo ti ń gbà á.


Alàgbà_Ìdúmọ̀tà:

Ìyá Dáre, ẹ kú ìdààmú ọmọ. Ìdúmọ̀tà ni mo ti ta fíìmù, láti ayé kásẹ́ẹ̀tì títí dé ayé pẹlẹbẹ CD, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wá gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Torí náà, tí wọ́n bá ti ní fíìmù ló ba ọmọ jẹ́, èmi ni wọ́n ń bú.

Nígbà tá a wà lọ́mọdé, tá a bá ti rówó, ó di sinimá Casino ní Yàbá. Fíìmù àwọn ará Ṣáínà, èèyàn kan á na ogún èèyàn, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn, àwa á máa pàtẹ́wọ́. Bá a bá ti ń jáde, a ó ti máa ta ẹsẹ̀ sókè, a ó máa ké "hàáà!" títí a ó fi dé Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Eyín iwájú mi kan, ibẹ̀ ló lọ. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó pààyàn. Ọ̀kan ti di bíṣọ́ọ̀bù báyìí, ó sì burú jù wá lọ nígbà yẹn.

Tó bá sì jẹ́ ti dídáná sun olè ni, fóònù kọ́ ló kọ́ Èkó. Ọdún 2001 ni GSM wọ Nàìjíríà. Kó tó dé rárá ni mo ti fojú ara mi rí i ní Òyìngbò, lówùúrọ̀, àwọn ọmọ iléèwé tó wọ yúnífọ́ọ̀mù dúró, wọ́n ń wò. Ta ló ju fídíò sí wọn?

Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò náà wà o. Ọdún 1993 ni òfin tó dá a sílẹ̀ jáde. Wọ́n á wo fíìmù, wọ́n á kọ ọjọ́ orí sára páálí ẹ̀: ti ọmọdé yàtọ̀, ti ọmọ ọdún 15 yàtọ̀, ti 18 yàtọ̀. Mo ta ẹgbàágbèje tó ní 18 lára, bàbá ló ń rán ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wá rà á. Mo bi ọmọ kan rí pé ṣé o lè ka ohun tí wọ́n kọ síbí? Ó ní "Bàbá mi ní kí n má pẹ́." Mo gba owó, mo dá ṣéńjì fún un. Kí ni kí n ṣe?


Ìyá_Dáre_Ṣómólú:

Alàgbà, ẹ ṣeun, sà. Àmọ́ ẹ ní bí ẹ ṣe ń jáde ní sinimá lẹ ti ń ta ẹsẹ̀ sókè. Ṣé kì í ṣe ohun tí mò ń bi yín gan-an nìyẹn?


Tíṣà_Àgúdà:

Ìyá Dáre ti fèsì fún Alàgbà ju bí mo ṣe lè fèsì lọ.

Kíláàsì Kejì ni mò ń kọ́ ní Àgúdà, Sùúrùlérè. Mi ò ní tẹlifíṣọ̀n nílé, ṣùgbọ́n tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè mo mọ ohun tí wọ́n fi hàn láti Fúráìdè. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá wo ìjàkadì Amẹ́ríkà, ẹ ó rí i tí wọ́n fi apá há ara wọn lọ́rùn, ẹnì kan á kúnlẹ̀, á máa fọwọ́ gbá ilẹ̀, á máa kà á. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju táábù onílọ́po méjì lọ.

Ọ̀kan lára àwọn tó fi ìwádìí gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ni Albert Bandura, onímọ̀ ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1961. Ọmọ 72 ló kó jọ, láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà. Ó gbé ọmọláńgidi aláfẹ́fẹ́ ńlá kan sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n á gbá ṣubú tó tún máa ń dìde. Ìdá kan nínú àwọn ọmọ yìí rí àgbàlagbà tó ń fi òòlù onígi lù ú, tó ń gbé e jù sókè, tó ń ta á nípàá. Ìdá kejì rí àgbàlagbà tó jókòó jẹ́jẹ́, ìdá kẹta ò rí ẹnì kankan. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ síbi tí ọmọláńgidi náà wà, àwọn tó rí ìlù yẹn lù ú, wọ́n sì lù ú bí àgbàlagbà yẹn ṣe lù ú gẹ́lẹ́, wọ́n tún ń sọ ọ̀rọ̀ tó sọ. Lọ́dún 1963, ó tún un ṣe pẹ̀lú fíìmù. Èèyàn inú fíìmù náà ṣiṣẹ́ bíi ti ojúkojú.

Èyí tó yẹ kí Ìyá Dáre gbọ́ ni ti 1965. Nígbà yẹn, àwọn ọmọ kan rí i pé wọ́n jẹ ẹni tó lu ọmọláńgidi níyà, àwọn kan rí i pé wọ́n yìn ín, wọ́n fún un ní mindinmín-ìn-dìn. Àwọn tó rí ìyà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Ẹ rò pé wọn ò kọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní ẹni tó bá lè ṣe ohun tó rí á gba omi èso àti àwòrán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, gbogbo wọn ló ṣe é, bákan náà! Ó ti wà níkùn wọn látẹ̀yìnwá, àyè ni wọn ò rí. Ẹ wá wo fídíò gúrúùpù yín. Ẹni tó ń lu olè, wọ́n ń kókìkí ẹ̀. Ẹni tó ń ya fídíò, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Dáre yan iṣẹ́ tí kò léwu nínú gbogbo iṣẹ́ tó rí níbẹ̀. Ọmọ yín ní làákàyè, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Àwọn kan ta ko Bandura o. Wọ́n ní ọmọláńgidi tí wọ́n ṣe pé kí wọ́n máa gbá ni wọ́n gbá, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn ìwádìí Huesmann, onímọ̀ bíi Bandura, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2003. Àwọn ọmọ Chicago tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò láti 1977, nígbà tí wọ́n wà láàárín ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá, ni wọ́n padà lọ wá lẹ́yìn ọdún bíi 15. Wọ́n rí 329. Àwọn tó wo ìjà púpọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní kékeré, pàápàá àwọn tó gbà pé òótọ́ ni, tí wọ́n sì ń fi ara wọn wé ẹni tó ń jà, ọwọ́ wọn yá sí ìjà ju àwọn yòókù lọ nígbà tí wọ́n dàgbà, ọkùnrin àti obìnrin. Bí wọ́n ṣe yọ ti owó ilé àti bí òbí ṣe tọ́ wọn kúrò, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ti géèmù, wọn ò tíì fẹnu kò. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ti Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 2015 pé géèmù oníjà máa ń mú kí ara ọmọ gbóná sí ìjà. Lọ́dún 2020, wọ́n tún kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má fi ìyẹn ṣàlàyé ìpànìyàn, torí ẹ̀rí ìyẹn ò tó. Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí Yunifásítì Oxford wo ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi 1,000, ọdún 14 sí 15, wọn ò rí ìbátan láàárín géèmù oníjà àti ìwà ìjà. Tí ẹ bá bi mí, ẹ fi ọ̀dọ́kùnrin ìkòríta yẹn sílẹ̀, fóònù bàbá ni kẹ́ ẹ dojú kọ. Dáre mọ̀ pé ẹni tó ṣubú nínú géèmù á tún dìde.


Alàgbà_Ìdúmọ̀tà:

Tíṣà, ẹ kú làákàyè. Ẹ ò dáhùn ti Òyìngbò.


Tíṣà_Àgúdà:

Alàgbà, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Òyìngbò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ò gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ náà ò rí i. Ti inú fóònù, ọmọ lè tẹ̀ ẹ́ kó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, lórí ibùsùn, láìsí àgbà kankan tó máa bo ojú ẹ̀.


Nọ́ọ̀sì_Alágómejì:

Gbogbo yín ń bi ara yín bóyá ọmọ á máa lu èèyàn. Ọmọ ń tọ̀ sílé, kò sẹ́ni tó fẹnu bà á.

Ìyá Dáre, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìlera tó wà nítòsí yín, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò. Ọmọ tó ti jáwọ́ tó tún padà bẹ̀rẹ̀, àìsàn ojú ìtọ̀ lè fà á, ìtọ̀ ṣúgà náà lè fà á. Kò gba àkókò. Tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, ẹ̀rù ni.

Ẹ̀rù kì í ṣe nǹkan kékeré. Obìnrin onímọ̀ kan wà ní Yunifásítì Wisconsin, Joanne Cantor, ohun tó ń já ọmọ láyà lórí tẹlifíṣọ̀n ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí. Ó rí i pé ohun tó ń ba ọmọ kékeré lẹ́rù kọ́ ló ń ba ọmọ àgbà lẹ́rù. Èyí tí kò tíì tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ, ìrísí nǹkan ló ń bà á lẹ́rù: ojú tó bàjẹ́, eyín tó yọ síta, èèyàn tó yíra padà di nǹkan mìíràn. Ẹ sọ fún un títí pé eré ni, kò wọ̀ ọ́ létí. Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀, ẹ fún un ní nǹkan gbígbóná mu, ìyẹn ló ń gbọ́. Èyí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ló ń bà á lẹ́rù, ìyẹn ni ìròyìn fi ń já a láyà ju iwin lọ. Dáre wà láàárín méjèèjì. Ó rí ara tó ń jó, ó sì tún mọ̀ pé irú títì tí òun ń gbà lọ iléèwé ni. Ẹ má sọ fún un pé kì í ṣe òótọ́ o. Á mọ̀ pé irọ́ lẹ̀ ń pa fún òun, ọ̀rọ̀ yín ò sì ní wọ̀ ọ́ létí mọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ bi í ní ohun tó rí, kí ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó lanu. Àwọn ọmọ kékeré mìíràn tiẹ̀ máa ń rò pé bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan kan hàn léra léra, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ léra léra, pé èèyàn tuntun ni wọ́n ń sun. Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì kékeré fún un kó máa tàn án fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá jọ ń lọ sẹ́yìnkùlé. Kẹ́ ẹ má sì nà án nítorí eré yẹn. Tẹ́ ẹ bá nà án, ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn ni wọ́n á ti máa ṣe é, ẹ ò sì ní rí sílípáàsì mọ́.

Èyí tó wà lọ́dún mẹ́rin yẹn, tí wọ́n fi ṣe olè: àjọ ìlera àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé irú ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ níwájú ẹ̀rọ lójúmọ́, ohun yòówù kó máa wò. Ẹ sọ fún ìyá ẹ̀. Mo mọ̀ pé á ní ta ló máa wá bá òun gbé e tóun bá ń ta ọjà. Òótọ́ ló ń sọ, àmọ́ ẹ sọ fún un.


Ìyá_Dáre_Ṣómólú:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. A ti lọ yẹ ìtọ̀ wò, kò sí nǹkan kan, a dúpẹ́.

Mo bi í léèrè bí àǹtí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Nígbà tí mò ń bọ́ èèpo ẹ̀gúsí ni mo bi í, kí n má báa máa tẹjú mọ́ ọn. Ó sọ ohun tó rí, mo fẹ́ẹ̀ ju àwo sílẹ̀. Ó mọ àwọ̀ ẹ̀wù ọkùnrin yẹn. Ó mọ ohun tó ń wí tó fi ń bẹ̀ wọ́n. Ó wá ní, "Màmi, gbogbo wọn ló ní fóònù lọ́wọ́. Kí ló dé tí wọn ò fi pe ọlọ́pàá?"

Mi ò ní ìdáhùn tí mo lè fún un. Mo kàn sọ nọ́ńbà tí ìjọba Èkó ní ká máa pè fún un, 767 àti 112, mo ní ẹni tó bá rí irú ẹ̀, ìyẹn ló yẹ kó fi fóònù ẹ̀ tẹ̀. Ó há a sórí lójú ẹsẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ń bá ẹnì kan jà lẹ́nu géètì nítorí owó omi, Dáre ti gbé fóònù bàbá ẹ̀, ó ti tẹ 7, ó ti tẹ 6. Mo gbà á.

Tọ́ọ̀ṣì náà ń ṣiṣẹ́. Ó ṣì ń tọ̀ sílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kì í ṣe lójoojúmọ́ mọ́.

Alága gúrúùpù ni kò gbọ́. Mo bá a délé, mo ní, sà, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n yé ju irú fídíò yìí síbẹ̀, àwọn ọmọ ń rí i. Ó ní ó dáa kí wọ́n rí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé olè jíjà ò dáa. Mo ní, sà, olè kọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ o, dídáná sun èèyàn ni. Ó ní obìnrin ti máa ń bẹ̀rù jù. Mo ti fi í lé bàbá Dáre lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń mu ọtí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí wọ́n jọ yanjú ẹ̀.


Alàgbà_Ìdúmọ̀tà:

Ìyá Dáre, ọmọbìnrin mi máa ń gbé ọmọ ẹ̀ sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, fóònù mi ló sì máa ń gbá mú kó tó bọ́ bàtà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo inú ẹ̀ tán ni. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀. Báwo lẹ ṣe ní kí ti yín má gbé fídíò wọlé fúnra ẹ̀ mọ́?


Ìyá_Dáre_Ṣómólú:

Alàgbà, ẹ ṣí WhatsApp, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó tò lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Storage and data. Ẹ ó rí Media auto-download níbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló máa fi hàn yín, ẹ yọ àmì kúrò níwájú fọ́tò àti fídíò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí Settings, ẹ wọ Chats, ẹ pa Media visibility. Èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ò ní lọ fúnra ẹ̀ o, ọwọ́ lẹ máa fi pa á rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá sì yé yín, ẹ má ní kí ọmọ yẹn wá bá yín ṣe é. Ẹ dúró de ìyá ẹ̀.